Àbàwọ́n Funfun Ara Fèrèsé: Ẹ Wádìí Omi Kí Ẹ Tó Bá Ọmọ Wí

  

Ọ̀rọ̀ tí a ó bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé púpọ̀. Ọ̀rọ̀ àbàwọ́n funfun tó máa ń wà lára dígí fèrèsé ilé àti dígí ọkọ̀ ni. Ọmọ ilé ti jí ní àárọ̀ Sátidé, ó ti pọn omi, ó ti fi ọṣẹ fọ ọkọ̀, ó sì ti fi omi ṣàn án. Nígbà tí oòrùn bá ràn tán, àmì róbótó-róbótó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára dígí, àfi bí ẹni pé wọ́n ta omi ẹfun sí i. Bàbá yóò jáde, yóò wo ọkọ̀, yóò ní ọmọ kò fọ̀ ọ́. Ọmọ yóò tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú omi kan náà, àbàwọ́n yóò sì pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Níbẹ̀ ni orúkọ "ọ̀lẹ" ti máa ń bọ́ sára ọmọ tó ṣiṣẹ́ àṣelàágùn. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ lé ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí ẹni tó ń bá a fọ ọkọ̀ lọ nítorí ọ̀ràn yìí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ẹjọ́ yìí, a ti gbọ́ ti bàbá, bóyá a sì gbọ́ ti ọmọ. Ẹni tí a kò tíì pè wá sí ilé ẹjọ́ ni omi. Ẹ jẹ́ kí á pè é kó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Kí ni àbàwọ́n náà gan-an?

Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ bọ̀ láti òkè, kò ru ẹrù òkúta kankan. Ṣùgbọ́n ó máa ń gba díẹ̀ mọ́ra nínú afẹ́fẹ́ tí à ń pè ní carbon dioxide, èyí tó ń mú kí mínírà máa hó nígbà tí a bá ṣí ìdérí rẹ̀. Bó bá wọ inú ilẹ̀, ó tún ń rí púpọ̀ sí i gbà láti ara gbòǹgbò igi àti ewé tó ti jẹrà. Afẹ́fẹ́ yìí a sọ omi di kíkan díẹ̀. Ahọ́n wa kò lè mọ kíkan náà, ṣùgbọ́n òkúta mọ̀ ọ́n. Bí omi yìí ti ń gba inú àpáta kọjá fún ọdún pípẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń yọ́ nǹkan kúrò lára àpáta náà. Méjì tó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tó ń kó ni kálísíọ́mù àti magnísíọ́mù. Omi tó bá kó wọn púpọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní omi líle. Ojú kò lè rí òkúta inú rẹ̀, nítorí ó ti yọ́ bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ nínú ọbẹ̀.

Ẹ bu omi iyọ̀ sínú àwo, kí ẹ gbé e sí oòrùn. Omi yóò gbẹ, iyọ̀ yóò sì kù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ara dígí. Nígbà tí ẹ̀kán omi líle bá ń gbẹ lójú fèrèsé, omi ń padà sí òfurufú, afẹ́fẹ́ tó mú òkúta yọ́ náà ń sá lọ, òkúta nìkan ni yóò kù. Ohun tó kù yìí jẹ́ ìbátan ẹfun, òun kan náà ni àwọn òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò àti Ṣágámù láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ìdí nìyí tí ọṣẹ kò fi lè mú un kúrò. Ọ̀rá àti ìdọ̀tí ni ọṣẹ ń bá jà, kò ní agbára lórí òkúta.

Kí ẹ lè mọ bí ẹrù náà ti pọ̀ tó, ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré. Bí omi kan bá ní mílígírámù 200 òkúta yíyọ́ nínú lítà 1, garawa omi tó gba lítà 20 ti ru mílígírámù 4,000, èyí tí í ṣe gírámù 4. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò gbẹ sára ọkọ̀, nítorí èyí tó pọ̀ jù yóò ṣàn lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fọ ọkọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, díẹ̀ tó ń kù yóò máa gun ara wọn lórí.

Kí ló dé tó fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ungwan Dosa mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ omi ìjọba kò jìnnà sí wa, ní Malali, níbi tí wọ́n ti ń fa omi Odò Kàdúná, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Omi odò sábà máa ń rọ̀ ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ, nítorí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ omi òjò tó ṣàn lórí ilẹ̀ tí kò sì pẹ́ nínú àpáta. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ ìjọba kì í fi gbogbo ìgbà dé gbogbo ilé. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ilé fi gbẹ́ kànga, tí àwọn mìíràn fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò tó jìn wọ inú àpáta, tí àwọn tó kù sì ń ra kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Omi tó ti pẹ́ nínú àpáta ni ó pọ̀ nínú èyí tí à ń lò.

Àpáta tó wà lábẹ́ Kàdúná kì í ṣe òkúta ẹfun bí ti Ewékorò. Àpáta líle ògbólógbòó ni, irú èyí tí a ń rí ní Abẹ́òkúta àti òkè Ìdànrè. Èyí túmọ̀ sí ohun méjì. Ìkíní ni pé kì í ṣe gbogbo kànga ni omi rẹ̀ le. Kànga méjì nínú àdúgbò kan náà lè yàtọ̀ síra. Ìkejì ni pé omi inú irú àpáta bẹ́ẹ̀ máa ń ru ohun mìíràn pẹ̀lú kálísíọ́mù, èyí tí wọ́n ń pè ní silica. Òun náà ni iyanrìn, òun sì ni ohun tí wọ́n fi ń ṣe dígí fúnra rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tún ń dá kún ọ̀ràn náà. Láti bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹrin, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní Kàdúná. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ a gbẹ débi pé omi kì í pẹ́ lára dígí kó tó gbẹ. Eruku tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti ìhà aṣálẹ̀ a tún lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí omi náà wà. Ẹ wá fi táǹkì orí òrùlé kún un. Bí flóótà rẹ̀ bá bàjẹ́, omi a máa kún àkúnwọ́sílẹ̀, a máa ṣàn gba ara ògiri dé ojú fèrèsé lójoojúmọ́, oòrùn a sì máa sè é mọ́ ibẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ bí omi wa bá le?

Ẹ wá ìgò méjì tí ó mọ́, tí ó ní ìdérí. Ẹ bu omi òjò tí ẹ gbè sí ọ̀kan, kí ẹ bu omi kànga yín sí èkejì, kí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Ẹ gé ọṣẹ ìfọṣọ, èyí tí wọ́n fi epo àti eérú tàbí sódà ṣe, kì í ṣe ọṣẹ lúbúlúbú inú ọ̀rá. Ẹ fi èékánná ọṣẹ kan náà sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mì ín. Ìgò omi òjò yóò hó dáadáa. Bí omi kànga bá le, kò ní hó bẹ́ẹ̀, yóò dà bí omi wàrà tó dípọ̀, nǹkan funfun yóò sì léfòó lójú rẹ̀. Ẹ tún wo inú kẹ́tù tí ẹ fi ń se omi tíì, kí ẹ wo inú bútà tí ẹ fi ń gbé omi àlùwàlá gbígbóná ní àsìkò ọyẹ́. Bí èèpá funfun bá wà nínú wọn, ẹ̀rí mìíràn nìyẹn.

Àwọn tó ní agbára láti gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò yóò gba iye kan. Omi tí kò tó mílígírámù 60 nínú lítà 1 ni wọ́n ń pè ní omi rírọ̀. Láti 60 dé 120 jẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Láti 120 dé 180 jẹ́ líle. Èyí tó bá ju 180 lọ le gan-an. Ìlànà omi mímu ti orílẹ̀-èdè wa, NIS 554, èyí tó jáde ní ọdún 2007, fi òpin sí 150. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín o. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi òpin kankan lélẹ̀ lórí líle omi nítorí ìlera, kálísíọ́mù àti magnísíọ́mù sì wà lára ohun tí ara ń lò. Dígí, kẹ́tù àti ọṣẹ ni omi líle ń bá jà, kì í ṣe ikùn ọmọ yín.

Bí a ṣe ń mú un kúrò

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Ohun kíkan ló kó òkúta sínú omi, ohun kíkan náà ni yóò kó o kúrò lára dígí. Ní ọdún 1756 ni onímọ̀ ará Scotland kan, Joseph Black, tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé afẹ́fẹ́ kan wà ní àhámọ́ nínú irú òkúta yìí, tí iná tàbí omi kíkan lè tú sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá da fínígà sórí àbàwọ́n, tí ẹ sì rí i tó ń hó wínníwínní, afẹ́fẹ́ náà ni ó ń jáde lọ. Òkúta tó kù yóò yọ́, omi yóò sì gbé e lọ.

Fún fèrèsé ilé, ẹ kọ́kọ́ fi omi ṣan eruku kúrò pátápátá. Ẹni tó bá fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ ń fi iyanrìn ha dígí ara rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ po fínígà funfun pọ̀ mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì. Ẹ rẹ àkísà sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi àkísà náà lẹ̀ mọ́ ojú àbàwọ́n fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó má baà gbẹ. Ẹ fi fóòmù rírọ̀ fọ̀ ọ́ yípo, ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Bó bá kù díẹ̀, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú fínígà tí a kò là. Bí fínígà kò bá sí, ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fún yóò ṣe iṣẹ́ kan náà, bí kò tilẹ̀ yá bíi tirẹ̀. Ẹni tó ní fèrèsé onílúfà lè yọ dígí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tẹ́ wọn sínú agbada, kí iṣẹ́ lè rọrùn. Ẹ ṣan irin ara fèrèsé náà dáadáa kí kíkan má baà pẹ́ lára rẹ̀.

Fún ọkọ̀, abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti ṣe é, nígbà tí dígí bá tutù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí fínígà ṣàn sílẹ̀ sára ọ̀dà ọkọ̀ kó sì gbẹ síbẹ̀. Ẹ tètè fi omi ṣàn án. Ẹ gbé wáípà sókè kí ẹ fọ rọ́bà rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí èèpá tó bá dì mọ́ ọn yóò máa ha dígí nígbàkúùgbà tó bá ń lọ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá lẹ ike dúdú mọ́ inú dígí, ẹ má ṣe fi fínígà tàbí ohun tó ń ha nǹkan kàn án.

Bí fínígà bá ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta tí àbàwọ́n kò sì lọ, ẹ rántí silica tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kíkan fínígà kò ràn án. Ohun tó ń ha díẹ̀díẹ̀ ni ó gbà. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín funfun tàbí sódà tí a fi ń ṣe bisikíìtì, tí a fi omi pò ki, ra ojú dígí tútù pẹ̀lú aṣọ rírọ̀. Bí ìyẹn náà kò bá mú un, àwọn tó ń ta dígí ọkọ̀ mọ àtíkè kan tí wọ́n ń pè ní cerium oxide, òun ni àwọn tó ń dán dígí ń lò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìka ra ojú dígí tó ti mọ́, tí ó ṣì rí gírígírí tàbí tí ó rí bàìbàì bí ojú tó ní èbu, a jẹ́ pé ó ti pẹ́ jù. Omi àti èèpá ti jẹ ara dígí fúnra rẹ̀. Dídán nìkan ló lè ràn án lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á fi oṣù ṣeré lórí ọ̀ràn yìí.

Àwọn ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibi yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe po fínígà, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ohun kíkan èyíkéyìí mọ́ omi afọṣọfunfun irú Jik tàbí Hypo. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, afẹ́fẹ́ olóró chlorine ni yóò jáde, yóò sì máa jó ojú àti ẹ̀dọ̀fóró. Nínú balùwẹ̀ kékeré tí kò ní fèrèsé, ó lè pa ènìyàn. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń fọ nǹkan mọ́ ni a lè pò pọ̀. Ẹ kọ́ ọmọ yín ní èyí kí ẹ tó gbé ìgò kankan lé e lọ́wọ́.

Ẹ má ṣe gba ìmọ̀ràn ẹni tó bá ní kí ẹ fi ásíìdì bátìrì nu dígí. Ó ń jó ara, ó ń fọ́ ojú, ó sì ń jẹ irin àti ọ̀dà ọkọ̀. Ẹ má ṣe da fínígà sórí ilẹ̀ tẹ̀ràsó tàbí òkúta mábù, nítorí ìbátan ẹfun ni wọ́n, yóò jẹ wọ́n bó ṣe jẹ àbàwọ́n. Ẹ má ṣe da omi gbígbóná sára dígí ọkọ̀ ní àárọ̀ ọyẹ́, ó lè sán. Ẹ má sì fi kànìnkànìn irin tó le tàbí iyanrìn fọ dígí.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé kí ló kàn án bí dígí ọkọ̀ òun bá rí funfun, ṣebí ẹ́ńjìnnì ló ń gbé ọkọ̀. Kí ó wa ọkọ̀ náà lọ́wọ́ alẹ́, nígbà tí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá tàn sí i lójú, tàbí lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lójú kòró. Gbogbo àmì funfun náà yóò tan iná lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀nà yóò sì sọnù fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Nínú ìṣẹ́jú àáyá bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé kan lè máa sọdá.

Kí ó má baà padà wá

Igi gańgańran má gùn mí lójú, àtòkèrè la ti ń wò ó. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà: ẹ má ṣe jẹ́ kí omi líle gbẹ sára dígí fúnra rẹ̀. Ẹ nù ún nígbà tó ṣì tutù, yálà pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ tàbí ọ̀pá onírọ́bà tí wọ́n fi ń gbá omi kúrò lára dígí. Ẹ fọ ọkọ̀ ní ìdájí tàbí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ lápá kan lápá kan, kí ẹ nu apá kan gbẹ kí ẹ tó bọ́ sí èkejì. Nígbà òjò, ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ eruku orí páànù lọ, kí ẹ tó gbe èyí tó kù pamọ́ sínú àgbá tó ní ìdérí. Garawa kékeré kan nínú rẹ̀ tó láti fi ṣan dígí kẹ́yìn. Omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù náà rọ̀ bí omi òjò, ẹ lè gbè é fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi mímu. Ẹ pe aṣiṣẹ́ ẹ̀rọ omi kó tún flóótà táńkì ṣe. Ìnákúnàá ni omi tó ń ṣàn dànù, àgàgà ní àdúgbò tí ẹlòmíràn ti ń fi owó ra kẹ́ẹ̀gì kan. Bó bá sì ń ta sí fèrèsé aládùúgbò, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ó ku ohun kan. Ẹ̀sìn wa kọ̀ fún wa láti máa fi èrò búburú kan ènìyàn láìṣe ìwádìí, àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ wa kò sì yọ sílẹ̀ nínú ìyẹn. Bí ọmọ kan bá wà nínú ilé yín, ìbáà ṣe ọmọ tí ẹ bí tàbí ọmọ tí ẹ gbà tọ́, tí ẹ ti pè ní ọ̀lẹ nítorí dígí ọkọ̀, ẹ pè é ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ da fínígà sórí àmì kan lójú rẹ̀, kí ẹ jọ wò ó bó ṣe ń hó tó sì ń parẹ́. Kí ẹ wá sọ fún un pẹ̀lú ẹnu yín pé omi ló jẹ̀bi, òun kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún un ní aṣọ gbígbẹ kan, kí ẹ̀yin náà sì mú ọ̀kan.